Bọ́ọ̀sì àlòkù tí wọ́n ń sọ di ilé ní London: owó tí wọ́n fi rà á kọ́ ni gbogbo owó

Bí bọ́ọ̀sì akẹ́rù tòkunbọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Èkó, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló sábà máa ń gbà kó tó dójú títì. Wọn yóò gé fèrèsé sí i lára, wọn yóò jó àga irin mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, ló bá di dánfó. Irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ náà làwọn kan ń rà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ èrò kọ́ ni wọ́n fẹ́ẹ́ fi kó. Ibùsùn, sítóòfù, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tò sínú rẹ̀, tí wọ́n á sì máa gbé e lọ síbi ìsinmi láìsan owó òtẹ́ẹ̀lì.

Àṣà náà ti pẹ́. Ọdún 1950 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Jámánì, nígbà tó sì fi máa di 1951, iléeṣẹ́ Westfalia ti ń to ibùsùn sínú rẹ̀ fáwọn arìnrìn-àjò. Ìran bọ́ọ̀sì yẹn náà ló wá di dánfó l'Ékòó. Lónìí, ẹni tí kò lówó èyí tí iléeṣẹ́ ti tò tán a máa wá Ford Transit, Vauxhall Vivaro tàbí Renault Trafic tí àwọn oníṣẹ́ iná àti oníṣẹ́ omi ti lò, á sì fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó. Àwọn Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún náà lè jàǹfààní rẹ̀, bí wọ́n bá ti mọ ìdí tí ọjà fi di ọ̀pọ̀.

Ohun kan tó lè sọ bọ́ọ̀sì dísù di ọ̀pọ̀ ní London ni òfin ULEZ tí wọ́n fi ń dín èéfín burúkú kù. Àárín ìlú ni òfin náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 8, oṣù Kẹrin, 2019, kó tó kárí gbogbo London lọ́jọ́ 29, oṣù Kẹjọ, 2023. Bọ́ọ̀sì dísù gbọ́dọ̀ dé ìwọ̀n Euro 6, ti pẹtiróòlù sì gbọ́dọ̀ dé Euro 4. Èyí tí kò bá dé bẹ́ẹ̀ yóò máa san 12.50 pọ́n-ùn lójoojúmọ́ tí wọ́n bá wà á níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ láìwà á, kò ní san kọ́bọ̀.

Kí ẹni tó fẹ́ẹ́ rà á jókòó ṣírò rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n rà ní 2,000 pọ́n-ùn, tí wọ́n ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, yóò jẹ 250 pọ́n-ùn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 32, owó tí wọ́n san fún ULEZ ti tó owó bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Manchester lè ra bọ́ọ̀sì yẹn kan náà kó má kábàámọ̀, ṣùgbọ́n ará Peckham kò gbọdọ̀ sanwó láìtíì fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wádìí lórí íkànnì Transport for London. Wọn kì í gbowó ìyẹn.

Ìwé ló kàn. Ìtàn àyẹ̀wò MOT tí wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ lọ́dọọdún wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí iye máìlì tí ọkọ̀ ti rìn, àti ohun tó gbé e ṣubú nínú àyẹ̀wò. Bí máìlì bá lọ sílẹ̀ dípò kó lọ sókè, a jẹ́ pé wọ́n ti yí i padà nìyẹn. Ìwé V5C ń sọ orúkọ ẹni tí ọkọ̀ wà lábẹ́ àbójútó rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ló ni ín. Fún ìdí èyí, ó dáa kí wọ́n lọ wo ọkọ̀ náà nílé tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà nínú ìwé, kí wọ́n sì wádìí bóyá gbèsè ṣì wà lórí rẹ̀, nítorí ẹni tó yáni lówó lè wá gbé e. Bí wọ́n bá ní ó wà ní Category S, ìjàǹbá ti ba egungun ọkọ̀ jẹ́ rí nìyẹn.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù a máa jẹ irin, nítorí náà, abẹ́ ọkọ̀, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí. Wọ́n gbọ́dọ̀ ká pákó tó wà nínú rẹ̀ kúrò bí ẹni tó ń tà á bá gbà. Irin tó ti dógùn-ún kì í dá dúró. Bí wọ́n bá kan pákó tuntun bò ó, èémí àwọn tó ń sùn nínú rẹ̀ àti ooru ìdáná yóò máa di omi lára irin, yóò sì máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Kí wọ́n dé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àrùn rẹ̀ pa mọ́. Kí wọ́n sì béèrè rìsíìtì bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì, nítorí bí ìyẹn bá já, ẹ́ńjìnnì lè bàjẹ́ pátápátá.

Ẹrù náà ní òdiwọ̀n. Ìwọ̀n tí bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kọjá wà lára àwo irin kékeré kan tó wà lára rẹ̀. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà, táǹkì 100 lítà ti gba 100 kílò, kí wọ́n tó ka pákó, bátìrì àti èèyàn.

Bí wọ́n bá tò ó tán, wọ́n lè kọ̀wé sí DVLA pé kó yí orúkọ rẹ̀ padà sí motor caravan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n ń gbà fún, nítorí DVLA máa ń wo bí ọkọ̀ náà ṣe rí lóde. Èyí tó pọn dandan ni kí iléeṣẹ́ adójútòfò gbọ́ pé wọ́n ti tún un ṣe. Ẹni tó bá dákẹ́ lè gbọ́ lọ́jọ́ ìjàǹbá pé àwọn kò ní sanwó.

Àwọn kan ní bó bá sú àwọn, àwọn á fi ránṣẹ́ sílé. Kí wọ́n rántí pé apá ọ̀tún ni sítíárìn bọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, 1972 ni Nàìjíríà ti kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì títì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi Èkó ṣe ibi tí yóò ti rí owó rẹ̀ gbà padà.

Bọ́ọ̀sì 4,000 pọ́n-ùn tí irin rẹ̀ dá ṣáká, tí ìwé rẹ̀ pé, tó sì dé ìwọ̀n ULEZ, lè dínwó ju ti 2,000 lọ kí ọdún tó yípo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹni tó fẹ́ẹ́ rà á ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ kó tó fọwọ́ kan owó pákó, kó sì mú mẹkáníìkì dání lọ́jọ́ tó bá ń lọ wò ó.