Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Áhábù àti ilẹ̀ Nábótì

Ọdún 22 ni Áhábù fi jọba ní Samáríà. Ọgbà àjàrà Nábótì wọ̀ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n Nábótì kò ta ogún bàbá rẹ̀. Jésébẹ́lì, aya Áhábù, bá fi òǹtẹ̀ ọba kọ lẹ́tà sí àwọn àgbààgbà ìlú Nábótì: kí wọ́n kéde ààwẹ̀, kí wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì lòdì sí Nábótì. Wọ́n sọ Nábótì lókùúta pa. Ààwẹ̀ ni wọ́n fi bo ìpànìyàn mọ́lẹ̀ o! Áhábù kò kọ lẹ́tà kankan, síbẹ̀ wòlíì Èlíjà ka ẹ̀jẹ̀ Nábótì sí i lọ́rùn, torí Áhábù ló lọ gba ilẹ̀ náà (1 Àwọn Ọba 21).

Ẹ̀yin ará wa ní Ìta-Ògbólú, Àkúrẹ́ àti Oǹdó, níbi tí oko kòkó ti jẹ́ ogún ìdílé: bí ilẹ̀ opó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà kí ẹ tó gbààwẹ̀.