Dìgírì Áńtírọpọ́lọ́jì ní Amẹ́ríkà: Ṣé Owó Tó Ń Mú Wá Ká Gbèsè Rẹ̀?

Áńtírọpọ́lọ́jì ni ẹ̀kọ́ tó ń wádìí ọmọ ènìyàn: àṣà wọn, èdè wọn, ìrandíran wọn, àti ohun tí àwọn ará ìgbàanì fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó wà lára àwọn ẹ̀kọ́ táwọn olóṣèlú máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń sọ pé dìgírì kan kò mówó wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, Rick Scott, gómìnà Florida nígbà náà, sọ ní gbangba pé ìpínlẹ̀ òun kò nílò irú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bẹ́ẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọbìnrin tirẹ̀ gan-an gboyè nínú ẹ̀kọ́ yìí. Kí á tó mọ ibi tí òótọ́ wà, ó yẹ ká yẹ owó tó ń wọlé àti gbèsè tó wà nídìí rẹ̀ wò pọ̀.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tó ń wọlé. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fi hàn pé ní ọdún 2023, owó ọdọọdún àwọn onímọ̀ áńtírọpọ́lọ́jì àtàwọn awalẹ̀wádìí jẹ́ nǹkan bí 64,000 dọ́là. Bí wọ́n bá to gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ náà láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, owó ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn nìyẹn. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò tó 10,000 ní gbogbo Amẹ́ríkà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń gboyè nínú ẹ̀kọ́ náà lọ́dọọdún. Dìgírì kejì, ìyẹn másítà, ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè kí wọ́n tó gbani síṣẹ́.

Òfin kan tó jáde ní 1966 ló dá púpọ̀ nínú iṣẹ́ àwọn awalẹ̀wádìí sílẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ tó náwó sí títì tàbí ìsédò, tàbí kó fọwọ́ sí i, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà níbẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ń gba iṣẹ́ yìí ṣe. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè a mú ṣọ́bìrì, a gbẹ́ ihò, a sẹ́ iyẹ̀pẹ̀ nínú asẹ́. Wákàtí tó bá fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún, bí iṣẹ́ bá sì tán, ó di kó wá òmíràn. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ ní mùsíọ́mù, ní ilé ìwòsàn, tàbí ní iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ohun tí wọ́n ń tà.

Ní ti gbèsè, ìjọba àpapọ̀ fi gbèdéke lé iye tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì wà lábẹ́ òbí lè yá lọ́wọ́ rẹ̀: 5,500 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́, 6,500 ní ọdún kejì, 7,500 ní ọdún kẹta, àti 7,500 ní ọdún kẹrin. Ẹni tó bá yá gbogbo rẹ̀ pé yóò jẹ 27,000 dọ́là. Bí èlé bá jẹ́ 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún, bó ṣe rí ní sáà 2023 sí 2024, tí onígbèsè sì fẹ́ san án tán ní ọdún mẹ́wàá, nǹkan bí 293 dọ́là ni yóò máa san lóṣooṣù. Kó tó san án tán, yóò ti san ohun tó lé ní 35,000. Òṣùwọ̀n kan tí ìjọba ti lò fún àwọn ẹ̀kọ́ kan ni pé owó gbèsè ọdún kan kò gbọdọ̀ ju ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé lọ́dún. Kí 293 dọ́là yìí tó lè bá òṣùwọ̀n náà mu, ẹni náà ní láti máa gba nǹkan bí 44,000 dọ́là lọ́dún.

Másítà ló ń mú kí ẹrù náà wúwo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan náà bá tún yá 20,500 dọ́là lọ́dún fún ọdún méjì, gbèsè rẹ̀ yóò di 68,000, láìka èlé. Ìyẹn ti ju 64,000 tí onímọ̀ tó wà láàárín gbùngbùn ń gbà ní odindi ọdún kan. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù keje ọdún 2025 ti sọ 20,500 yìí di òpin ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ irú dìgírì bẹ́ẹ̀ lè yá lọ́wọ́ ìjọba lọ́dún, láti oṣù keje ọdún 2026.

Ìrọ̀rùn díẹ̀ wà. Láti ọdún 2007 ni òfin ti gbà pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba tàbí iṣẹ́ àjọ tí kì í ṣe fún èrè, tó sì san gbèsè ní ìgbà 120, lè gba ìdáríjì ìyókù. Ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù àti yunifásítì wà lára irú àwọn ibi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí níyì tí owó kò lè díwọ̀n. William Bascom, onímọ̀ áńtírọpọ́lọ́jì ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ ní nǹkan bí 1937, ìwé rẹ̀ lórí Ifá sì jáde ní 1969. Ṣùgbọ́n ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la: ọjọ́ àtisan gbèsè kì í yẹ̀. Dìgírì àkọ́kọ́ tí gbèsè rẹ̀ mọ níwọ̀n ṣeé gbé. Másítà tí wọ́n fi ẹ̀yáwó nìkan ṣe ni ewu wà nínú rẹ̀. College Scorecard, ojú òpó ìjọba lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ń fi iye gbèsè àti owó tó ń wọlé hàn, láti ilé-ìwé kan sí òmíràn. Kí òbí àti ọmọ jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó buwọ́ lùwé.