Obìnrin Tó Ń Fọwọ́ sí Lẹ́tà Pé “Steve”

Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì, ẹ dúró kà á tán kí agogo tó lù.

Tí ẹ bá rí lẹ́tà tí Steve Shirley fọwọ́ sí, kí lẹ máa rò? Ọkùnrin ni, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rò. Obìnrin ni o! Stephanie lorúkọ rẹ̀.

Ìlú Dortmund ní Jámánì ni wọ́n ti bí i ní 1933. Júù ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Hitler ń ṣe inúnibíni sí àwọn Júù, wọ́n kó òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1939. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni. Ó fẹ́ràn ìṣirò, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ́ ọ níléèwé àwọn ọmọbìnrin tó wà. Iléèwé àwọn ọmọkùnrin ni wọ́n gbà á láyè kó ti máa lọ kọ́ ọ.

Nígbà tó jáde, ó ríṣẹ́ níbi tí iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ti ń ṣe ìwádìí ní Dollis Hill, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ kíláàsì lálẹ́. Ọdún mẹ́fà ló fi gboyè ìṣirò.

Ní 1962, ó fi pọ́n-ùn 6 dá iléeṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Freelance Programmers. Àwọn obìnrin tó mọṣẹ́, àmọ́ tí wọ́n ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọkọ tàbí ọmọ, ló gbà. Ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kan á ní, ṣé kọ̀ǹpútà wà nílé wọn ni? Rárá o! Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn lè gba odindi yàrá. Pẹ́ńsù àti pépà ni wọ́n fi ń kọ program, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé: ṣe èyí, tó bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, padà sẹ́yìn. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á lu ihò sára káàdì tàbí pépà gígùn. Ihò yẹn ni kọ̀ǹpútà ń kà. Ìyá ọmọ lè ṣe apá àkọ́kọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí pé kí wọ́n gbéṣẹ́ wá kì í dáhùn. Ọkọ rẹ̀ ló dábàá pé kó máa fọwọ́ sí i pé “Steve”. Ni ìdáhùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dé! Àwọn àgbà ní orúkọ a máa ro ni. Eléyìí, ilẹ̀kùn ló ṣí.

Nínú 300 òṣìṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbà, obìnrin ni 297. Àwọn ló kọ program ẹ̀rọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ìrìn ọkọ̀ òfuurufú Concorde. Nígbà tí òfin 1975 de pé ẹ má fi takọ-tabo ya òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀, àwọn gan-an ló wá di dandan fún láti gba ọkùnrin sí i! Ó pín iléeṣẹ́ náà fáwọn òṣìṣẹ́, 70 nínú wọn sì di mílíọ́níà. Òun náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ààrẹ British Computer Society. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2025, lẹ́ni ọdún 91.

Ó ku ìbéèrè kan fún wa. Tí àwa mẹ́rin bá jókòó ti kọ̀ǹpútà kan, ta ló máa ń di máòsì mú? Ta ló sì máa ń wòran?

Ẹni tí kò bá tíì kàn, kó mú pẹ́ńsù. Kọ gbogbo ìgbésẹ̀ tí èèyàn máa fi to orúkọ kíláàsì wa ní a, b, d. Fún ọ̀rẹ́ rẹ. Tó bá lè tẹ̀ lé e láìbi ọ́ léèrè ohunkóhun, o ti kọ program nìyẹn. Kó o sì fi orúkọ rẹ gan-an sí i.