Mẹ́ruwà Kò Tíì Ní Sinmi ní Òkokomáíkò

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Òkokomáíkò ni ariwo ọmọláńkẹ́ ti ń wọ inú àdúgbò. Mẹ́ruwà, ẹni tó ń ta omi kiri, ti dé nìyẹn. Ó to kẹ́ẹ̀gì omi síra wọn, ó ń tì í gba ojú ọ̀nà tí àgbàrá ti jẹ, àwọn ìyá sì ti gbé ike síta dè é. Ẹni tó bá pẹ́ jí lè máa wá omi tí yóò fi wẹ ọmọ di ọ̀sán. Bí ó ṣe rí náà nìyẹn ní ọ̀pọ̀ òpópónà Ìbà àti Ọ̀jọ́, ilẹ̀ àwọn Àwórì tó súnmọ́ ọ̀sà. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Ó dà bíi pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò gba ọ̀nà Badagry kọjá.

Ilé iṣẹ́ omi ìjọba kò kúkú jìnnà. Ìṣàṣì ló wà, ní ọ̀nà Badagry kan náà, odò Òwò ló sì ti ń fa omi. Ìgbà tí orílẹ̀-èdè ń múra sílẹ̀ fún ayẹyẹ àṣà FESTAC 1977 ni wọ́n kọ́ ọ, kí Festac Town lè rí omi lò. Gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 4 lójúmọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Bẹ́ẹ̀, ti ilé iṣẹ́ omi Ìjú jẹ́ mílíọ̀nù 45, ti Adíyàn jẹ́ mílíọ̀nù 70. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìjọba Gómìnà Jákàǹdè kọ́ ilé sí Ìbà, tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dé sí Ọ̀jọ́ ní 1983, tí ọjà Alábà sì di ibi tí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń ra ẹ̀rọ. Èrò ń wọlé lójoojúmọ́, páìpù ò tẹ̀ lé wọn.

Nítorí náà, olúkúlùkù di ìjọba ara rẹ̀. Lándílọ́ọ̀dù tó lówó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, ó gbé táńkì sókè. Níbi tí ẹnìkan kò ti lè dá a ṣe, ẹgbẹ́ àwọn onílé a dá owó jọ. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí míì máa ń na ẹ̀rọ omi síta ọgbà kí ará àdúgbò lè rí i pọn. Àwọn tó ń ṣe èyí kò pe ara wọn ní ajàfẹ́tọ̀ọ́. Síbẹ̀, bí a bá ń wá ibi tí ìjà omi ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó òde òní, ìpàdé wọn, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ta ló san àti ta ni kò tíì san, ni ká kọ́kọ́ lọ.

Àmọ́ ilẹ̀ yìí ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Omi kò jìn nísàlẹ̀, kànga kì í pẹ́ gbẹ́, ẹ̀gbin náà kì í sì í pẹ́ dé inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìlera fẹ́ kí kànga jìnnà sí sọ́kàwé tó mítà 30. Ẹni tó kọ́ ilé sórí ààbọ̀ púlọ́ọ̀tì, níbo ló ti fẹ́ rí mítà 30? Omi míì pupa nítorí irin tó wà nínú ilẹ̀, ó sì ń pa aṣọ funfun láró. Ní apá ibi tó súnmọ́ òkun, bí bọ́ọ̀hóòlù ṣe ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń fa omi dídùn jáde ni omi iyọ̀ ń yọ́ wọlé dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé máa ń da álọ́ọ̀mù sí i kó lè tòrò. Ó ń tòrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ni álọ́ọ̀mù ń fà lọ sísàlẹ̀. Kì í pa kòkòrò onígbáméjì, àfi kéèyàn se omi náà tàbí kó lo oògùn kílórììnì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024 tí onígbáméjì tún jà ní Èkó, ìkìlọ̀ tí ìjọba kọ́kọ́ ń tẹnu mọ́ nìyẹn: ẹ se omi yín.

Ìjà omi kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní 1908, Gómìnà Egerton fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wọ ìlú, ó sì fẹ́ kí ará ìlú san owó rẹ̀. Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ lọ́dún yẹn láti takò ó, Ọba Èṣùgbàyí Eléko náà kò gbà. Wọ́n ní àwọn ní kànga, pé nítorí òyìnbó ni wọ́n ṣe ń wá omi ẹ̀rọ. Omi Ìjú ṣì dé ní 1915, nígbà tí owó omi sì tẹ̀ lé e, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní 1916. Ẹ wò ó bí ayé ṣe yí: àwọn tó ní kànga lónìí ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún páìpù.

Ní 2014, ọ̀rọ̀ tún padà dé. Ìjọba Èkó ń gbèrò láti jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aládàáni dá sí ọ̀rọ̀ omi, ẹ̀ka Báǹkì Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IFC ló sì ń gbà wọ́n nímọ̀ràn. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ àyíká ERA, tí Akinbọ̀dé Olúwafẹ́mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ AUPCTRE àti àwọn ẹgbẹ́ obìnrin, wọ́n ń ké pé "Our Water, Our Right": omi wa, ẹ̀tọ́ wa. Àríyànjiyàn wọn kò le: ní oṣù keje ọdún 2010, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti kéde pé omi mímọ́ jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn. Wọ́n sì ń tọ́ka sí Cochabamba ní Bolivia, níbi tí ará ìlú ti lé ilé iṣẹ́ omi aládàáni lọ ní 2000. Ní 2015, àdéhùn IFC pẹ̀lú Èkó wá sópin.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni òfin àyíká tuntun jáde. Àwọn abala kan nínú rẹ̀ kan ẹni tó bá gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tàbí tó ń ta omi láìgba àṣẹ, àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ sì ké gbàjarè. Ìjọba ní ètò lásán ni, kí ilẹ̀ má baà bàjẹ́ nítorí bọ́ọ̀hóòlù tó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ irọ́ pátápátá fún ẹni tó mọ̀ nípa omi iyọ̀. Ohun tó ṣòro ni pé bí a bá ka irú òfin bẹ́ẹ̀ ní Òkokomáíkò, lándílọ́ọ̀dù, pásítọ̀ àti mẹ́ruwà ni yóò kọ́kọ́ di ọ̀daràn, nígbà tí páìpù tí ìbá rọ́pò wọn kò tíì dé.

Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti dí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí wọn kò fẹ́. Èyí tí wọ́n fẹ́, ìyẹn kí ìjọba fúnra rẹ̀ náwó sí omi kó sì tún páìpù ṣe, kò tíì là dé etí ọ̀nà Badagry. Títí di ìgbà náà, bí owó bẹntirólù bá ṣe rí ni owó omi ń rí fún ẹni tí kò ní bọ́ọ̀hóòlù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan tí kò tó igba náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ló ń fa omi bí iná kò bá sí, olómi kò sì lè ta kẹ́ẹ̀gì ní iye àná. Páìpù nìkan kọ́ ni wọ́n ń retí: nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í ná Marina sí Mile 2. Òkokomáíkò ni ìwé iṣẹ́ náà sọ pé yóò parí sí, àwọn ará ibẹ̀ sì ń dúró dè é, pẹ̀lú ike wọn níta.