Ìwé Ọmọ-Ogun Kan Tí Òkun Pa Mọ́

Ní ọjọ́ 9 oṣù September, ọdún 1914, ọkọ̀ ojú omi kan ń kó àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ogun Àgbáyé kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Thomas Hughes, ẹni ọdún 26, ti ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Durham Light Infantry. Ó fi aya sílẹ̀ nílé, àti ọmọbìnrin kékeré kan. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó kọ̀wé sí aya rẹ̀, ó fi í sínú ìgò ọtí atalẹ̀, ó dé e pinpin, ó sì sọ ọ́ sínú òkun tóóró tí ó pààlà sáàárín ilẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò pọ̀. Ó ní òun ń sọ ọ́ sínú omi láti mọ̀ bí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá dé, kí ó kọ ọjọ́ àti wákàtí tí ó gbà á sí i lára, kí ó fi orúkọ rẹ̀ sí i, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ dáradára. Lẹ́yìn èyí ni ó dágbére fún un tìfẹ́tìfẹ́, bí ọkọ tí kò ní pẹ́ padà. Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti pa á lójú ogun.

Ìwé kejì wà nínú ìgò náà, tí ó kọ sí ẹnikẹ́ni tí yóò rí i, ìbáà ṣe àgbà tàbí ọmọdé. Ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jọ̀wọ́ fi ìwé aya òun ránṣẹ́, kí ó lè gba ìbùkún tálákà ọmọ-ogun kan.

Ọdún 84 ó lé díẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1999, apẹja kan fa àwọ̀n rẹ̀ sókè lẹ́bàá ẹnu odò Thames, ìgò náà sì wà nínú rẹ̀. Aya tí a kọ̀wé sí ti lọ sí ilé ìsinmi rẹ̀. Apẹja ìbá ti wí pé ọ̀rọ̀ náà ti parí, kí ó sì gbé ìgò sórí pẹpẹ ilé rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wí pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. A wádìí, a sì rí ọmọbìnrin náà ní Niu Sílándì, ó ti di arúgbó ẹni ọdún 86. Ilé-iṣẹ́ Ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ náà san owó ọkọ̀ apẹja, ó sì fi ìwé náà lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò dàgbà tó láti mọ ojú baba rẹ̀ wá rí ìwé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ìgò ni ó ń gúnlẹ̀ báyìí. Láti ọdún 1864 títí di ọdún 1933, àwọn ará Jámánì ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgò sínú òkun láti mọ ọ̀nà tí ìṣàn omi ń gbà. Ìwé 662 péré ni ó padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀kan tí wọ́n jù ní ọdún 1886 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní etí òkun Ọsirélíà ní ọdún 2018. Òkun kì í ṣe ońṣẹ́ tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin baba àti ẹ̀yin ìyá, a fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó fẹ́ràn aya àti ọmọ, tí ẹnu wa kò sì sọ ọ́ rí. A rò pé oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ti sọ ọ́ tán. Hughes kò ní owó púpọ̀ láti fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n tákàdá kékeré rẹ̀ ṣì di ogún fún ọmọ rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí àwọn tí ó wà lájò. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fún àwọn tí ó wà nílé, nígbà tí etí wọn ṣì ń gbọ́. Bí a bá sì fi iṣẹ́ ẹlòmíràn lé yín lọ́wọ́, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ẹ.