Àrùn Ìfun Wíwú àti Àwọn Ewé Tí A Ń Lò Sí I

Láàárín àwọn ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ máa ń bi àwa tí a di àlùfáà, ọ̀kan wà tí kò jẹ mọ́ Bíbélì rárá, tí ó sì ń pọ̀ sí i. Ìyá kan yóò pè wá láti Lọ́ńdọ̀nù pé dókítà ti sọ pé àrùn ìfun kan tí kì í tán bọ̀rọ̀ ni ó ń ṣe ọmọ òun, ǹjẹ́ kò sí àgbo nílé tí a lè bá òun fi ránṣẹ́? Ìbéèrè náà kò burú. Ó yẹ kí a fi ohun tí a ti dán wò dáhùn rẹ̀, kì í ṣe ohun tí a gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń polówó oògùn nínú ọkọ̀ èrò.

Àrùn ìfun wíwú ni a ó máa pè é níhìn-ín. Oríṣi méjì pàtàkì ni ó ní. Samuel Wilks, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ̀wé nípa ulcerative colitis ní ọdún 1859. Burrill Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní New York kọ̀wé nípa èkejì ní ọdún 1932, orúkọ Crohn ni a sì fi ń pè é. Ti àkọ́kọ́ kì í kọjá ìfun ńlá. Ti Crohn lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Nínú méjèèjì, àwọn ọmọ-ogun ara tí Ẹlẹ́dàá fi sí wa lára láti bá kòkòrò jà ni wọ́n yí ìjà padà sí ìfun fúnra rẹ̀. Ìfun a wú, a pọ́n, a sì dá egbò. Àrùn náà kì í ràn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ọ̀tá. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún 15 sí 35, àkókò náà gan-an tí àwọn ọmọ wa ń ṣe ìdánwò tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́.

Nílé níbí, orúkọ mìíràn ni a sábà máa ń fún un: jẹ̀díjẹ̀dí, táífọ́ọ̀dù, aràn, ìgbẹ́ ọ̀rìn. A kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, nítorí àwọn wọ̀nyí ni ó wọ́pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ gbuuru bá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá a jáde, bí ó bá ń jí ọmọ lójú oorun, bí ọmọ bá ń rù tàbí tí kò ga bí ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe tún ra oògùn táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa ìfun, kí ó fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà wo inú rẹ̀, kí ó sì gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ìdí pàtàkì kan wà: ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ó bá mú ìfun jọ àrùn Crohn gan-an, oògùn steroid tí ó ń mú Crohn rọlẹ̀ sì lè mú kí ikọ́ ẹ̀gbẹ gbilẹ̀.

Oògùn ilé ìwòsàn wà. Láti nǹkan bí ọdún 1940 tí Nanna Svartz, obìnrin dókítà ará Sweden, ti bẹ̀rẹ̀ sí lo sulfasalazine, òmíràn ti tẹ̀lé e. Wọ́n ń mú àrùn náà sùn, ṣùgbọ́n wọn kì í wò ó tán, iye owó àwọn tuntun inú wọn sì ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Abájọ tí àwọn ènìyàn, nílé àti lókè òkun, fi ń wá ewé àti gbòǹgbò.

Àjó, tí àwọn mìíràn ń pè ní ata ilẹ̀ pupa, wà lára àwọn tí ẹ̀rí wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Ní Japan, àwọn onímọ̀ kó ènìyàn 89 jọ tí ulcerative colitis wọn ti rọlẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní ọdún 2006. Gbogbo wọn ń lo oògùn dókítà lọ. A wá fi gírámù 2 curcumin, èròjà tí ó fún àjó ní àwọ̀, kún ti apá kan lójúmọ́, a sì fún apá kejì ní oògùn asán tí ó jọ ọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àrùn náà tún dìde sí ènìyàn 2 nínú 43 tí ó lo curcumin. Láàárín àwọn yòókù, 8 nínú 39 ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé a fi kún oògùn ni, a kò fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì wo ìwọ̀n: curcumin tó nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 àjó gbígbẹ, nítorí náà gírámù 2 yóò gba ju gírámù 60 ìyẹ̀fun àjó lọ lójúmọ́. Ṣíbí kan nínú ọbẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtọ́jú.

Ẹ̀rí aloe vera kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní England, ní ọdún 2004, a fi fún ènìyàn 30 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a fi oògùn asán fún 14. Àrùn náà rọlẹ̀ lára 9 nínú àwọn àkọ́kọ́ àti 1 péré nínú àwọn kejì. Oje aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà lábẹ́ èèpo rẹ̀ yàtọ̀ sí omi yíyọ̀ inú ewé náà: oògùn ìṣínú ni, ẹni tí ó ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ nígbà mẹ́wàá lóòjọ́ kò sì nílò ìyẹn.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni aró. Bẹ́ẹ̀ ni, irú aró tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo fi ń pa adìrẹ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará Ṣáínà ti ń fa ìyẹ̀fun aró yọ láti inú àwọn ewé tí kì í ṣe èlú tiwa, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń mú irú aró kan náà jáde. Qing dai ni wọ́n ń pè é. Àwọn dókítà Japan dán an wò lára ènìyàn 86 tí ulcerative colitis wọn ṣì ń jà, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní ọdún 2018. Nínú àwọn tí ó gba gírámù 1 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìdá 75 nínú 100 ni ara wọn yá sí i. Nínú àwọn tí ó gba oògùn asán, kò pé ìdá 14. Díẹ̀ nínú àwọn oògùn olówó ńlá ni ó lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ wọ́n dá ìdánwò náà dúró kí iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ tó pé. Ìròyìn kàn wọ́n pé ẹnìkan tí ó ra ìyẹ̀fun náà fúnra rẹ̀, tí ó sì lò ó fún oṣù mẹ́fà, ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn tí ó lè ba ọkàn jẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ìjọba Japan kìlọ̀ nípa rẹ̀. A máa ń gbàgbé irú èyí nígbà tí a bá ń sọ pé ewé lásán ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì lọ bu omi ìkòkò aró mu nítorí ohun tí a kọ yìí: omi eérú inú rẹ̀ lè jó ọ̀fun.

Ọ̀rọ̀ àwọn yòókù kò gùn. Alfred Nissle, ará Jámánì, rí kòkòrò àìfojúrí kan ní ọdún 1917 lára ọmọ-ogun tí ìgbẹ́ ọ̀rìn kò mú nígbà tí ó ń mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdánwò lára ènìyàn 327 ní ọdún 2004 fi hàn pé kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ̀yìn sí oògùn mesalazine nínú dídènà kí ulcerative colitis tún dìde. Epo ẹja jákulẹ̀ fún Crohn nínú ìdánwò ńlá méjì ní ọdún 2008. Àwọn kan tilẹ̀ gbé ẹyin aràn ẹlẹ́dẹ̀ mì ní Amẹ́ríkà. Ìrètí pọ̀ ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n ó já sí asán fún Crohn nígbà tí a dán an wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun tí ó ń bà wá lẹ́rù jù ni àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a sè láti fọ inú, ìfọnú sì jẹ́ ìyà fún ìfun tí ó ti légbò. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà nínú ìjọ tí a ti sìn rí. Wọ́n sọ fún un pé àgbo yóò wẹ àrùn náà kúrò, ó sì fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín oṣù mẹ́ta, wọ́n ti yọ ìfun ńlá rẹ̀. Ó wà láàyè, ó sì ti bímọ, ṣùgbọ́n àpò ìgbẹ́ ni ó ń so mọ́kùn títí di òní. Steroid ní pàtàkì kì í ṣe ohun tí a ń dá dúró lójijì. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ewé, kí ó sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀, kí ó sì máa lo oògùn rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan àwa àlùfáà pẹ̀lú. Nígbà tí inú ń yọ Tímótì lẹ́nu, Pọ́ọ̀lù gbà á nímọ̀ràn nípa ohun tí yóò mu. Kí a má ṣe gbé ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ púpọ̀ lé ẹni tí ó ti ń rù, kí a má sì fi jíju oògùn nù ṣe ẹ̀rí ìgbàgbọ́. Ẹni tí ulcerative colitis bá ti ń ṣe fún ọdún mẹ́jọ gbọ́dọ̀ máa lọ fún àyẹ̀wò ìfun déédéé, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá, nítorí jẹjẹrẹ ìfun. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ náà ṣì wà ní ilé-ìwé, kí òbí kọ̀wé sí ọ̀gá pé kí a jẹ́ kí ó máa jáde lọ sí ilé ìyàgbẹ́ láìtọrọ ààyè, àní nígbà ìdánwò, kí ibùsùn rẹ̀ má sì jìnnà síbẹ̀.