Àmì Ẹ̀yẹ Tí Ẹsẹ̀ Ń Ṣiṣẹ́ Gbà

Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni àwọn oníṣòwò Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú fi ń rìn wá sí ọjà Apòmù. Kò sì sí ẹni tó fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ wọn lọ́rùn.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ní Netherlands. Láti ọdún 1909 ni ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́rin rìn ìrìn ọdọọdún wọn parí ti ń gba àmì ẹ̀yẹ onírísí àgbélébùú. Láti ọdún 1925, ìlú Nijmegen ni ojúkò ìrìn náà. Ẹni tó bá mú ọ̀nà tó gùn jù yóò rin 50 kìlómítà lójúmọ́.

Onídẹ ni ti ẹni tó kọ́kọ́ rìn. Lẹ́ẹ̀kejì, adé á kún un. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, á di aláwọ̀ fàdákà, lẹ́yìn náà aláwọ̀ wúrà. Nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìrìn náà sì gba orúkọ ẹgbẹ́ ọba, lẹ́tà K kún àwọn lẹ́tà tó wà lára rẹ̀.

Eré ìje kọ́. Kò sí ipò kìíní. Ìfaradà ni wọ́n ń yẹ́ sí. Ìfaradà náà sì lè ṣòro: lọ́dún 2006, èèyàn méjì kú nínú ooru ọjọ́ kìíní, wọ́n sì fòpin sí ìrìn ọdún náà.

Ìkirè sí Apòmù kò jìnnà. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè rìn ín láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ohun tó ṣòro ni kí a máa rìn ín lọ́dọọdún, kí a sì ní àmì tí yóò máa rántí ẹni tó rìn ín.